Bíbọ̀ Ọmọ Ogun Wálé: Iṣẹ́ Tó Kù fún Àwa Ará Ilé

Ọ̀rọ̀ tí Alága ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún wa ní Kùmásì

    

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìsìnkú àti ọ̀rọ̀ ìkómọ ni alága máa ń sọ. Akọ̀wé àti akápò yóò sọ ìyẹn tó bá yá. Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ ológun ni mo fẹ́ sọ, pàápàá àwọn tó lọ sìn lókè òkun tí wọ́n sì padà sí bárékè ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìgbà tí ọmọ bá lọ ni ìṣòro wà, pé ìgbà tó bá dé, ìṣòro ti tán. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Láàárín ọdún tó kọjá, ẹjọ́ mẹ́ta ló wá síwájú ìgbìmọ̀ wa. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ni ín mọ ara rẹ̀. Ìyá kan wá, ó ní ọmọ òun tó jẹ́ sójà Gánà lọ sí iṣẹ́ àlàáfíà lókè òkun. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, kò sí oṣù tí owó kì í wọlé. Ó dé, wọ́n dá a padà sí bárékè, owó dá. Ìyá ní ìyàwó ló gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹnì kejì jẹ́ ìyàwó ilé. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti dé, kì í sùn lóru. Ìta ni í máa jókòó sí, bí ọmọdé bá sì já abọ́ bọ́ sílẹ̀, yóò fò dìde bí ẹni pé ilé ń jó. Ẹnì kẹta jẹ́ bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ọmọ náà wà ní Iraq, ó ń gbé fóònù bàbá rẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n dá a padà sí ibùdó kan ní Texas, láti ìgbà náà ni kì í gbé fóònù mọ́. Bàbá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí i, kí á kà á mọ́ àwọn ọmọ tó kọ òbí sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Apá kan ní kí á pe àwọn ọmọ náà lẹ́jọ́, apá kejì ní kí á ní sùúrù. Mo bẹ̀ wọ́n kí a má tíì dájọ́ títí tí n ó fi bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nígbà tí mo bá parí, ẹ̀yin ni ẹ ó pinnu.

ORÚKỌ TÓ WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ BÁRÉKÈ

Gbogbo wa la mọ Uaddara Barracks níhìn-ín ní Kùmásì, níbi tí Bàtálíọ̀nù Kẹrin àwọn ọmọ ogun Gánà wà. Àwọn kan nínú wa ń tajà fún wọn. Ta ló ti béèrè rí pé kí ni Uaddara? Kì í ṣe orúkọ Asante, kì í sì í ṣe orúkọ Òyìnbó. Ibì kan ni ní gúúsù Ethiopia, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gold Coast ti bá àwọn ará Ítálì jà ní 1941. Myohaung Barracks wà ní Takoradi. Ìlú kan ní Bọ́mà ni Myohaung, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló gbà á ní oṣù kìíní ọdún 1945. Ẹ kọjá sí ilé wa ní Nàìjíríà: Letmauk wà ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn; Dodan wà ní Èkó; Arakan wà ní Àpápá. Láti Bọ́mà ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá.

Ohun tí èmi rí kọ́ nínú èyí ni pé ọmọ ogun padà wálé, ó sì gbé orúkọ ibi tó ti jà kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí odi bárékè kò bá lè gbàgbé fún ọgọ́rin ọdún, kí ló dé tí a fi ń retí kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara gbàgbé láàárín ọ̀sẹ̀ kan?

Iṣẹ́ ológun kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwa ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ yìí. Ní 1873, Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gòlóbà, kó ọmọ ogun Hausa àti Yorùbá láti Èkó wá sí Gold Coast. Ní 1900, nígbà ogun Yaa Asantewaa, àwọn ọmọ ogun láti Èkó wà lára àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wá sí Kùmásì, sínú ilé odi tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun lónìí. N kò sọ èyí láti fi yangàn, nítorí àwọn onílé wa ni wọ́n wá bá jà, Òyìnbó ló sì rán wọn. Mo sọ ọ́ kí á mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ wa ti ń gbé ìbọn nílẹ̀ onílẹ̀, àti pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìyá ti ń jókòó ní ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń wojú ọ̀nà.

ÀWỌN TÓ TI BỌ́MÀ DÉ

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin (65,000) ọkùnrin jọ ní Gold Coast, àwọn ti Nàìjíríà tó nǹkan bí 100,000. Láti 1943 ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí India, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ igbó Bọ́mà. Ìpín kọkànlélọ́gọ́rin (81) àti ìkejìlélọ́gọ́rin (82) ni wọ́n ń pè wọ́n. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun gba inú òkè àti àfonífojì níbi tí ọkọ̀ kò lè dé.

Ogun parí ní 1945, ọkọ̀ ojú omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn bọ̀ wálé. Wọ́n ti rí India, wọ́n ti rí bí Òyìnbó ṣe ń sá fún ìbọn bí ènìyàn dúdú, wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ fún wọn, wọ́n ti ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n dé ilé, iṣẹ́ kò sí, owó kò tó, ọjà sì ti gbówó lórí. Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún ọgbọ̀n ọkùnrin dé, ó di ẹni tó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ẹ mọ ibi tó yọrí sí. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, 1948, àwọn ọmọ ogun àtijọ́ wọ̀nyí tò ní Accra, wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n forí lé ilé gómìnà ní Christiansborg. Wọn kò gbé ìbọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí wọ́n ń pè ní Imray yìnbọn sí wọn. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pórà Attipoe àti Odartey Lamptey kú. Ìlú dàrú ní Accra, rògbòdìyàn náà sì dé Kùmásì níhìn-ín. Wọ́n kó Nkrumah, Danquah àti àwọn mẹ́rin mìíràn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kùmásì ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn wá, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Àríwá. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 1957, Gánà gba òmìnira.

Àwọn olóṣèlú máa ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn òmìnira, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ oníṣòwò, tí mi ò kàwé jìnnà, tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn àti ilé ìwé alẹ́ ni mo fi kọ́ ara mi, mo rí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Mo rí ọkùnrin mẹ́ta tí ojú ogun Bọ́mà kò pa, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n padà délé ni wọ́n kú. Ìjọba ti ṣètò bí wọn yóò ṣe lọ, kò ṣètò bí wọn yóò ṣe gbé lẹ́yìn tí wọ́n bá dé. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra kí àwa náà má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa.

Ọ̀RỌ̀ ISAAC FÁDÓYÈBỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ Yorùbá kan jáde nínú wọn. Isaac Fádóyèbọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní 1944, àwọn ará Japan yọ sí wọn létí odò Kaladan ní Bọ́mà, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ Fádóyèbọ̀. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ló ṣẹ́ kù nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé tó wà nítòsí, Shuyiman, ló fi wọ́n pamọ́, ó sì ń fún wọn lóúnjẹ fún oṣù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, pípa ni wọn yóò pa á. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn.

Fádóyèbọ̀ padà wálé, ó ń tiro. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó gbéyàwó, ó bímọ. Ẹni tó bá rí i yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí Shuyiman ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí kò rí ọ̀nà tí yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman ní Bọ́mà. Ọdún kejì, 2012, ni Fádóyèbọ̀ jáde láyé.

Ẹ kíyè sí i. Ọkùnrin náà kò ya wèrè, kò lu ìyàwó, kò mutí yó. Ó kàn gbé ohun kan wálé tí kò rí ẹni gbé e fún ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun nìyẹn. Bí ọmọ yín bá dákẹ́, ẹ má sọ pé ìgbéraga ni. Ó lè jẹ́ pé kò tíì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Láti 1960 tí wọ́n ti lọ sí Congo ni Gánà àti Nàìjíríà ti ń rán ọmọ ogun lọ sí iṣẹ́ àlàáfíà. Ní Congo náà, ní oṣù kẹrin 1961, ó lé ní ogójì ọmọ Gánà tí wọ́n pa ní Port Francqui. Lẹ́yìn ìyẹn ni Lẹ́bánónì. Ó ti wà níbẹ̀ láti 1979 ti Gánà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ ogun lọ. Ní oṣù kẹjọ 1990, ECOMOG wọ Liberia, Ọ̀gágun Quainoo ọmọ Gánà ló kọ́kọ́ ṣe olórí wọn, Dogonyaro ọmọ Nàìjíríà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ogun bá wà lẹ́nu iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé nílé, owó àjẹmọ́nú tún wà fún un lọ́tọ̀ ní dólà. Kò san owó ilé, kò san owó oúnjẹ. Ọjọ́ tó bá parí iṣẹ́ yẹn ni owó dólà dúró. Owó oṣù sídì nìkan ló kù, òun ni yóò sì fi jẹun, tí yóò fi san owó ilé ìwé ọmọ, tí yóò fi wọ ọkọ̀. Ìyá tó bá ń retí iye kan náà, kì í ṣe ọmọ ló yí padà, ìṣirò ni kò tíì yí padà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ó yé mi ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó bá ta àǹkárá ní oṣù Kejìlá, nígbà tí gbogbo ayé ń ra aṣọ ọdún, ṣé ó lè fi èrè oṣù náà ṣe ètò fún oṣù Kejì? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò jẹ gbèsè. Owó òkè òkun, èrè oṣù Kejìlá ni. Owó bárékè ilé, èrè oṣù Kejì ni.

Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Àwọn ọmọ wa tó ní ìwé ìgbélùú lè wọṣẹ́ ológun níbẹ̀. Ní ìparí 2008, ìjọba Amẹ́ríkà kéde ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, fún àwọn àlejò tó gbọ́ èdè tí ilé iṣẹ́ ológun nílò, èdè Yorùbá sì wà lára rẹ̀. Wọ́n dá ètò náà dúró ní 2016, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá ọ̀nà yẹn wọlé di ọmọ onílẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun wọn bá wà ní ilẹ̀ tí wọ́n kà sí eléwu, wọ́n ń san owó ewu fún un, dólà méje àti ààbọ̀ lójúmọ́, kò sì ju dólà 225 lọ lóṣù. Bó bá jẹ́ ojú ogun gan-an ni, wọn kì í gba owó orí lórí owó oṣù àwọn ọmọ ogun kéékèèké. Tó bá padà sí Amẹ́ríkà, owó ewu dúró, owó orí bẹ̀rẹ̀. Lókè òkun, ibùsùn, ilé oúnjẹ àti ibi iṣẹ́ wà nínú odi kan náà. Ní Texas, ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lè dé ọjà. Yóò ra ọkọ̀, yóò san owó adójútòfò rẹ̀, bó bá sì ní ìyàwó, yóò gba ilé. Àwa ní Kùmásì ń sọ pé, "Ó ti padà sí Amẹ́ríkà, owó dé!" Owó ti dín kù ni o.

Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kì í gbé fóònù ńkọ́? Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé aago mélòó ni í máa ń pè. Ó ní bí òun bá ti kírun àárọ̀ tán, ní aago mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ní Kùmásì, aago mẹ́sàn-án ni ní Iraq, ọmọ ti jí, ó ti jẹun, ó gbé fóònù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ní Kùmásì, ọ̀gànjọ́ òru ni ní Texas, tàbí aago kan òru. Ọmọ ń sùn, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọn yóò ti jí wọn sí eré ìdárayá. Mo ní kí bàbá náà pe ọmọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ tiwa. Ó pè é ní ọjọ́ Àìkú. Ó gbé e. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ì bá kọ̀wé lé lórí nìyẹn.

OORUN ÀTI ARIWO

Èyí tó kù ni ti ọkọ tí kì í sùn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró ìbọn ńlá, tó ti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ kì í tètè sinmi. Níhìn-ín ní Kùmásì, wọ́n ń yìn ìbọn níbi òkú àgbà, àwọn ọmọdé ń yin báńgà ní Kérésìmesì. Fún wa, ariwo ọdún ni. Fún un, ó lè jẹ́ ogun ló tún dé.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi orúkọ àìsàn yìí sínú ìwé wọn ní 1980, wọ́n ń pè é ní PTSD. Àmì rẹ̀ ni àìróorunsùn, àlá burúkú, ìbínú òjijì, àti kí ènìyàn máa sá fún ibi tàbí ọ̀rọ̀ tó bá rán an létí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ogun ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń padà wá ní àlàáfíà. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kì í fìgbà gbogbo hàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi máa ń bi ọmọ ogun ní ìbéèrè nípa ìlera rẹ̀ nígbà tó bá ti ojú ogun dé, tí wọ́n sì tún ń bi í lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ má sọ pé ìyàwó ló fi nǹkan sínú oúnjẹ. Ẹ gbàdúrà, àdúrà dára, ìmáàmù àti pásítọ̀ wa wà níhìn-ín, wọ́n á sì bá wa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Komfo Anokye níhìn-ín. Ilé ìwòsàn àwọn ológun, 37, wà ní Accra. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, a kì í tijú gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tí oorun rẹ̀ kán, kí ló dé tí a ó fi tijú?

ÀWA NÁÀ TI PADÀ RÍ

Bóyá ẹnì kan ń sọ lọ́kàn pé, "Kí ló kan ẹgbẹ́ àwọn àlejò nínú ọ̀rọ̀ sójà?" Ó kàn wá, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìrora pípadà tó àwa tí wọ́n ń pè ní Anago àti Alata.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn bàbá wa fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ sínú ọkọ̀. Wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n dé Ẹ̀jìgbò, wọ́n dé Ọ̀fà. Ilé ni wọ́n dé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ní Kùmásì gbọ́ Twi àti Hausa ju Yorùbá lọ. "Ará Gánà" ni wọ́n ń pè é ní ìlú bàbá rẹ̀. Bàbá tí gbogbo mọ̀lẹ́bí mọ̀ sí olówó, ẹni tí í fowó ránṣẹ́, dé pẹ̀lú àpótí méjì, àwọn kan kò sì gbà gbọ́ pé kò fi owó pamọ́ síbì kan. Ní 1983, àwọn ará Gánà náà jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà lé wọn, títí di òní ni wọ́n ń pe àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ní orúkọ yẹn.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó relé nílò kí ilé gbà á. Ilé tó bá ń wo ọwọ́ ẹni tó dé kí ó tó wo ojú rẹ̀, ilé náà kò tíì gbà á.

OHUN TÍ MO Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN

Èkíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe pe ọmọ ogun kankan lẹ́jọ́ nítorí owó títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé tó ti dé. Kí ó kọ́kọ́ wà láàárín wa ná.

Èkejì, kí ìdílé jókòó sọ ọ̀rọ̀ owó kí ọmọ tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: èló ni ti ìyá, èló ni ti ìyàwó àti ọmọ, èló ni yóò wà ní báńkì tàbí nínú èésú. Ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye yìí yóò yí padà ní ọjọ́ tó bá padà sí bárékè ilé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbé ayẹyẹ lé e lórí ní ọjọ́ tó dé. Ẹ bi í. Bó bá ní òun fẹ́ sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ má bi í pé ènìyàn mélòó ló pa. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọkọ tí ẹ dé, ẹ gbọ́ o. Ìyàwó yín ti ṣe ọkọ, ó ti ṣe ìyàwó, ó ti san owó ilé ìwé, ó ti gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lóru. Ẹ má dé lónìí kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Ẹ jókòó, kí ó sọ bí ilé ṣe ń lọ fún yín, kí ẹ gba iṣẹ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún yín mọ̀. Ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀ ní ọdún kan, tí ẹ bá a ní ọdún méjì, kò mọ̀ yín rí. Kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọ pé kó máa sunkún.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin ọmọ ogun, ẹ̀yin náà ní ojúṣe. Bí owó bá dín kù, ẹ sọ ọ́. Ìyá tí ẹ bá sọ òótọ́ fún yóò bínú lọ́jọ́ kan, yóò sì gbà. Ìyá tí ẹ bá dákẹ́ fún yóò wá ìdí fúnra rẹ̀, ìyàwó yín ni yóò sì dẹ̀bi rù. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ nílé, ẹ lọ bá oníṣègùn yín, tàbí ìmáàmù tàbí pásítọ̀ àwọn ológun. Iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ̀kẹfà ni èyí tó kan àpò ẹgbẹ́. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí i pé kí á yọ díẹ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ sọ́tọ̀, láti máa fi san owó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa, ológun tàbí ẹni tí kì í ṣe ológun, tó bá nílò ìtọ́jú ọpọlọ, àti fún ẹni tí yóò sìn ín lọ. Bí ẹnì kan bá kú, a ń dáwó fún òkú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó yẹ kí á lè dáwó díẹ̀ fún un nígbà tó wà láàyè. Àgbàjọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju báyìí lọ. Akọ̀wé yóò ka àbá náà síta, ẹni tó bá fara mọ́ ọn yóò nawọ́ sókè, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn yóò sọ ìdí rẹ̀, a ó sì gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ní ilẹ̀ yìí, ní Nàìjíríà, ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Ọba, Ọlọ́run yóò pa wọ́n mọ́. Wọn kò ní fi ẹsẹ̀ lọ kí wọ́n fi orí bọ̀. Àwọn tó ti dé, ara yóò tù wọ́n, oorun yóò kùn wọ́n, ilé yóò gbà wọ́n. Àwa tí a jókòó síhìn-ín, a kò ní fi ojú sunkún ọmọ.